Kí Olórí Ilé Tó Sanwó Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Ní Àbújá

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá bá ti ń kan ilẹ̀kùn, ìrònú kan náà ni ó máa ń gba ọkàn ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi Àbújá ṣe ibùjókòó, láti Kubwa dé Lugbe, láti Nyanya dé Gwagwalada: báwo ni a ó ṣe délé? Owó ọkọ̀ èrò fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin, àlọ àti àbọ̀, kì í ṣe owó kékeré. Ẹrù tí a fẹ́ gbé lọ fún àwọn òbí nílé kò sì níye. Ibẹ̀ ni olórí ilé ti máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé àkókò tó láti ní ọkọ̀ ti ara ẹni. A kó owó àjọ, a gba ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́, a bẹ àbúrò kan kí ó fi díẹ̀ kún un, a sì gba ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ lọ.

Bí ó bá ti débẹ̀, ojú rẹ̀ á dá ṣáká. Ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá títì, oòrùn ń ta sí wọn lára, wọ́n ń kọ mànà. A ti fọ inú wọn, a ti fi òróró pa táyà títí ó fi dúdú bíi kóró iṣin, a sì ti fi lọ́fínńdà sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tà á yóò sáré pàdé rẹ̀: "Ọ̀gá mi, ẹ kú àbọ̀ o. Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté dé ni, ẹnikẹ́ni kò tíì wà á ní Nàìjíríà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó sí i ná." Bí ọ̀gá bá ti jókòó, tí ó di sítíárì mú, tí afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí i lójú, ìdajì owó ti kúrò lápò rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú títì tó tẹ́jú ní Wuse ni ọkọ̀ náà yóò ti fi ìwà rẹ̀ hàn. Láti Àbújá dé Lọ́kọ́jà tó nǹkan bí igba kìlómítà. Èrò yóò kọjá Gwagwalada àti Abaji, yóò gba orí afárá Murtala Mohammed ní Jamata sọdá odò Ọya, àwọn ọkọ̀ agbépo àti tírélà yóò sì wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn Lọ́kọ́jà, ẹlòmíràn yóò yà sí Kàbà kí ó tó gba Ọmùò wọ ilẹ̀ Èkìtì. Ẹlòmíràn yóò gba Okene lọ sí Àkókó àti Ọ̀wọ̀. Àwọn tí ń lọ sí Ìlọrin àti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní Bida, Mokwa àti Jẹ́bà láti là kọjá. Ọ̀nà jínjìn ni gbogbo rẹ̀. Bí bíréèkì bá kọṣẹ́ níbẹ̀, tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá kú ní ìrọ̀lẹ́ láàárín igbó, ìyàwó àti ọmọ ni ó wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe ẹrù lásán. Nítorí èyí ni àyẹ̀wò ọkọ̀ kò ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí lókè òkun tí a sì gbé wá sílé. Lónìí Haúsá ń pè é, Ìgbò ń pè é, àwọn Gbagyi tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní Àbújá pàápàá ń pè é, ọkọ̀ àlòkù sì ni gbogbo wọn ní lọ́kàn. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ náà máa tan àwọn tí ó ni ín jẹ ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ọmọ àpọ́nlé ni Tòkunbọ̀ nínú ìdílé Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe ọmọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ní ìdí tí ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀, ìdí yẹn gan-an sì ni olùrajà ń wá.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé ìjọba fi lè ra Ìjàpá tuntun, kí ọ̀gá àgbà sì ra Peugeot 504. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí mẹ̀kúnnù ń fojú wò lásán. Ìgbà náà ni àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù gba Kútọnu ya wọlé bí omi. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì tún já lulẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ kò lè ra tòkunbọ̀ gidi mọ́. Èyí tí ọmọ Nàìjíríà mìíràn ti lò ni wọ́n ń rà báyìí. Àlòkù orí àlòkù ni. Ohun tí a ó yẹ̀ wò sì di ìlọ́po méjì.

Ìwé ni kí olùrajà kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, tí lẹ́tà àti òǹkà inú rẹ̀ jẹ́ 17 gééré. Ó wà lábẹ́ dígí iwájú ní ìhà awakọ̀, ó wà lára òpó ilẹ̀kùn, wọ́n sì lù ú mọ́ irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ìwé owó orí tí a san fún àwọn aṣọ́bodè mu pẹ̀lú. Nọ́ńbà náà kì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú. Bí a bá rí ọ̀kan nínú wọn, ayédèrú ni. Bí ó bá fi J bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Japan ni a ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. W sì jẹ́ ti Jámánì. Fún ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ipò kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 8 dúró fún 2008, 9 fún 2009, A fún 2010, B fún 2011, F fún 2015. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà lè búra pé ọkọ̀ ọdún 2011 ni. Bí ipò kẹwàá bá jẹ́ 8, ọ̀rọ̀ parí.

Pẹ̀lú nọ́ńbà yìí kan náà, a lè san owó díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ bíi Carfax kí a sì rí ìtàn ọkọ̀ náà kà: iye ènìyàn tí ó ti ni ín, ìjàǹbá tí a kọ sílẹ̀, iye máìlì tí ó ti rìn nígbà kọ̀ọ̀kan. Máìlì ni ti Amẹ́ríkà o. Ọkọ̀ tí ó ka 120,000 ti rìn nǹkan bí 193,000 kìlómítà. Bí aago bá ka díẹ̀, tí rọ́bà orí àtẹ̀sẹ̀ bíréèkì sì ti jẹ tán, tí awọ sítíárì ti bó, ẹnìkan ti dá aago náà padà sẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, kí ó bèèrè ìwé gbogbo ẹni tí ó ti ni ín, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá bóyá wọ́n ti kéde rẹ̀ pé wọ́n jí i. Àwọn aṣọ́bodè lè dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ nítorí owó orí tí ẹni àkọ́kọ́ kò san. Ẹni tí ó rà á kẹ́yìn ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò gbọdọ̀ bọ́ sẹ́yìn ni ti sítíárì. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, tí sítíárì sì wà ní òsì. Ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Japan ní sítíárì tiwọn ní ọ̀tún, àwọn kan sì wà tí ń ṣí i gbé sí òsì kí wọ́n tó tà á. Kí olùrajà wo ọ̀pá inújò iwájú dígí: bí ó bá ń nu ìhà èrò mọ́ dáadáa tí ó sì ń fi igun kan sílẹ̀ ní ìhà awakọ̀, kí ó fura. Kí ó wò bóyá bíréèkì ọwọ́ súnmọ́ èrò ju awakọ̀ lọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan ni ẹ̀mí ìdílé yóò máa rọ̀ mọ́.

Èyí tí ó tún burú jù, nítorí ó máa ń fara pamọ́ jù, ni ọkọ̀ tí omi ti bò rí. Ọkọ̀ ni Yorùbá ń pe ti orí omi, ọkọ̀ náà ni a ń pe ti orí ilẹ̀. Àfi kí ènìyàn ṣọ́ra kí ó má baà ra èyí tí ó ti jẹ́ méjèèjì. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní New Orleans ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, tí ìjì Harvey sì fi omi bo Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, àìmọye ọkọ̀ ni ó rì. Ilé iṣẹ́ adójútòfò san owó fún olówó ọkọ̀, wọ́n gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì lu ú ní gbàǹjo. Ẹni tí ó rà á lówó pọ́ọ́kú lè gbẹ ẹ́, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti ní béèrè. Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi odò Ọya àti Benue kún bo Lọ́kọ́jà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń bọ̀ láti Àbújá há sójú ọ̀nà. Ní Lugbe pàápàá, nínú Àbújá, omi ti gbé ọkọ̀ lọ nínú ọgbà Trademore ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibo ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn wà báyìí?

Omi máa ń fi àmì sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní sùúrù. Bí lọ́fínńdà bá pọ̀ jù nínú ọkọ̀, kí olùrajà béèrè ohun tí wọ́n ń fi bò mọ́lẹ̀. Kí ó ti gbogbo fèrèsé pa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó sì gbóòórùn: òórùn aṣọ tútù tí a ká sínú àpótí kì í lọ bọ̀rọ̀. Kí ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, nítorí àwọn tí ń fọ ọkọ̀ kì í rántí ibẹ̀. Ilà ẹrẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀. Kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìjókòó wo àwọn bóòtù bóyá wọ́n ti dípẹtà, kí ó gbé táyà àfirọ́pò kúrò nínú búùtù kí ó wo bóyá iyanrìn wà ní kòtò rẹ̀. Bí ìkùukùu bá wà nínú iná iwájú, ìbéèrè tún kù. Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì tí ó wà nínú ọkọ̀, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná, fèrè, rédíò, láìfo ọ̀kan. Omi tí ó wọ inú wáyà kì í pa ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ̀ á fi kú lójijì lóru lẹ́yìn Abaji.

Ọkọ̀ tí ó ti ní ìjàǹbá rọrùn díẹ̀ láti dá mọ̀. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a dúró ní igun ọkọ̀ kí a wo ara rẹ̀ lọ gbọọrọ. Ọ̀dà tuntun kì í bá ti àtijọ́ dọ́gba. Àlàfo ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ rí bákan náà yí ká. Bí ọ̀dà orí bóòtù bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti ṣí, a ti tú u rí. Òòfà kékeré tí a fi aṣọ wé kò ní lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ̀rọ̀ bá nípọn lábẹ́ ọ̀dà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni àpò afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde láti gba awakọ̀ àti èrò sílẹ̀. Bí a bá tan ọkọ̀, iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó sì kú. Bí ó bá dúró sí títàn, ó ti bàjẹ́. Bí kò bá tàn rárá, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnìkan ti yọ gílóòbù náà kí olùrajà má baà mọ̀ pé àpò ti tú tán nínú ìjàǹbá àkọ́kọ́. Àwọn kan sì wà tí àpò wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ ewu: èyí tí ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe, tí wọ́n ti ń pe ọkọ̀ padà nítorí rẹ̀ láti ọdún 2008. Ooru àti ọ̀rinrin ni ó ń ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́, tí yóò fi bú gbàmù, tí àfọ́kù irin yóò sì fò lu ènìyàn. Ooru kò wọ́n nílẹ̀ wa. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó pè é padà kò rí àtúnṣe. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni a ó fi wádìí èyí náà lọ́dọ̀ àjọ ètò ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ọgbọ́n kan wà tí gbogbo ọlọ́jà mọ̀. Bí oníbàárà bá ti fóònù pé òun ń bọ̀, wọ́n á tan ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó gbóná, nítorí àìsàn ẹ́ńjìnnì máa ń hàn nígbà tí ó bá tutù. Kí olùrajà dé láàárọ̀ kùtùkùtù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ó sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá tutù, kí wọ́n tan án lójú rẹ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jó epo ẹ́ńjìnnì. Èéfín funfun tó nípọn tí kò lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, omi ni ó ń wọ ibi tí kò yẹ. Kí wọ́n ṣí ìdérí epo ẹ́ńjìnnì: bí ohun tó rí bí ẹ̀kọ mímu bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, omi àti epo ti pàdé, àwọn mẹkáníìkì á ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Epo gíà gbọ́dọ̀ pupa. Bí ó bá dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tó jóná, kí ó máa lọ sílé, nítorí owó gíà lè tó ìdá mẹ́ta owó ọkọ̀.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárì láti ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ó ní ojú ihò rẹ̀. Ọlọ́jà lè pa gbogbo ẹ̀sùn rẹ́ nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìtajà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sọ pé òun kò tíì parí àyẹ̀wò òun, ó sì lè gba ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó parí rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ á wo ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wíwà á lójú títì. Ìrìn yíká ibi ìtajà kò tó. Kí ó kéré tán jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: lórí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, níbi tí ọkọ̀ ti lè sáré kí a sì mọ̀ bóyá sítíárì ń gbọ̀n, ní òkè Katampe, kí a mọ̀ bóyá ó lágbára, kí a sì parí rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn, kí a máa wo abẹ́rẹ́ ìgbóná. Bí ọlọ́jà kò bá gbà, ó ti dáhùn.

Táyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò, nítorí ó dúdú, ó sì ń dán. Òǹkà mẹ́rin wà lára rẹ̀ nínú ilà róbótó kan: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin ni àjọ tí ń rí sí ìjójúlówó ọjà fún táyà nílẹ̀ wa, láti ọjọ́ tí a ṣe é, kì í ṣe láti ọjọ́ tí a rà á. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi, mínísítà kékeré fún ètò iṣẹ́, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn, pàdánù ẹ̀mí wọn lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojúpópó sọ pé táyà bẹ́ lórí eré. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ mínísítà, táyà tòkunbọ̀ tí ó ti gba òtútù ọdún méje lókè òkun kò ṣeé gbé ọmọ lé lórí. Kí olùrajà ka owó táyà tuntun mẹ́rin mọ́ owó ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ta ni yóò bá a wò ó? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dun àwọn ènìyàn wa. Ẹni tí ó wà lájò a máa fẹ́ràn láti gbọ́ èdè rẹ̀, bí ọlọ́jà bá sì ti ní "Ẹ̀gbọ́n, ará Ìjẹ̀ṣà kan náà ni wá," ìfura á tú ká. Mẹkáníìkì tí ọlọ́jà bá pè wá, ti ọlọ́jà ni. Èyí tí ọ̀rẹ́ bá mú wá, tí yóò sì gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó tajà, ti ọlọ́jà ni òun náà. Kí olùrajà lọ sí abúlé mẹkáníìkì ní Apo tàbí ní Kugbo, kí ó mú ẹni tí kò mọ ọlọ́jà rí, kí ó san owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú, kí ó sì sọ fún un gbangba pé, "Ọ̀gá, bí ọkọ̀ bá dára bí kò bá dára, owó yín kò ní yí padà." Owó ọjọ́ kan mẹkáníìkì kò tó ìdá kan nínú ohun tí yóò ná lórí ọkọ̀ búburú láàárín oṣù méjì. Síbẹ̀, àwọn tí ń kó àìmọye náírà jáde fún ọkọ̀ ni ó máa ń na owó yìí pẹ̀lú ìkùnsínú.

Kí ó má sì kó gbogbo owó lọ́wọ́ lọ. Ẹni tí ó bá kó owó lọ́wọ́ ti ra ọkọ̀ náà tán kí ó tó rí i. Nínú owó mẹ́wàá, kí ó yọ méjì sílẹ̀ fún táyà, bátìrì, epo, bíréèkì àti ìwé, kí ó fi mẹ́jọ dúnàádúrà. Bí kò bá tó, kí ó wo ọkọ̀ tí ó kéré sí i, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ èrò lọ́dún yìí.

Bí ó bá rà á nígbẹ̀yìn, kí ó kọ́kọ́ yí orúkọ inú ìwé padà sí tirẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, epo gíà àti omi rédíétọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí a rọ èyí tí ó bá níbẹ̀. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ kì í ṣe Adó-Èkìtì. Kí òun nìkan gbé e lọ sí Gwagwalada kí ó sì padà, lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ó sì lò ó lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù kan. Kí ó tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́. Bí páálí bá ṣì gbẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọgbọ̀n, kí ó wá sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.